Ọmọ Tó Jókòó Pa Sínú

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọmọ náà ti fi ọ̀sẹ̀ kan kọjá, aránṣọ sì ṣì wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ikùn ti tì í sẹ́yìn débi pé tipátipá ni ọwọ́ rẹ̀ fi ń kan abẹ́rẹ́. Gbogbo oníbàárà tó yọjú ló ń bi í pé, "Ẹ ò tíì bí?"

"Mo ti bí," ló fi dá ìyá kan lóhùn. "Kò tíì jinná ni mo ṣe dá a padà."

Oníbàárà mìíràn, tí aṣọ rẹ̀ ti lo oṣù méjì lọ́dọ̀ rẹ̀, ní ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà jọ, pé àwọn méjèèjì ò mọ àdéhùn.

Nílé, ọkọ rẹ̀ tó ń lẹ táìlì fẹ́ kí wọ́n fún un lóògùn tí yóò mú un rọbí kíá. Ìyá aránṣọ ní kí wọ́n fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀.

"Oṣù mọ́kànlá ni mo fi gbé ìwọ."

"Ta ló bá yín kà á, Màmá?"

"Bàbá rẹ ni."

"Bàbá tó máa ń gbàgbé ọjọ́ orí ara wọn?"

Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe kó ara wọn lọ sí ọsibítù nìyẹn. Dókítà, obìnrin kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ó yẹ omi tó yí ọmọ ká nínú wò, ó gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù.

"Ara ìyá le, ara ọmọ le," ló wí. "A lè lo oògùn lọ́la. Ẹ sì lè dúró, kí ẹ máa wá ká yẹ̀ yín wò. Ewu dídúró kéré, àmọ́ bó ṣe ń pẹ́ ló ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ kan sí i."

"Lọ́la," ni ọkọ wí.

"Ká dúró," ni ìyá aránṣọ wí.

"Inú ta ni ọmọ yìí wà?" ni aránṣọ béèrè. Ó kọjú sí dókítà. "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi dúró nígbà tèmi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, mo bú sẹ́kún, mo ní kí wọ́n gbé oògùn wá."

Aránṣọ ní òun á dúró di ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì dé, ọmọ ò mira láti lọ síbì kankan. Wọ́n fi oògùn sí i. Wákàtí mẹ́fà kọjá, kò sí nǹkan kan. Ọkọ ń bi agbẹ̀bí bóyá ọjọ́ ti lọ lórí oògùn náà. Ìgbà tí ìrọbí wá dé, aránṣọ bú ọkọ, ó bú táìlì, ó bú ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ táìlì.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì lọmọ jáde, obìnrin, èékánná rẹ̀ gùn débi pé ó ha agbẹ̀bí lọ́wọ́.

"Ká ní a dúró di ọjọ́ Ajé," ni ìyá àgbà wí, "á fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn jáde."

"Ẹ bá mi gbé e, Màmá."

Aránṣọ yí padà, ó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì fúngbà àkọ́kọ́ láti oṣù márùn-ún, ó sì hanrun títí ọmọ tuntun fi jí.