Àṣàrò Mẹ́ta Tí Sengduan Wọ̀n

Bí inú Sengduan bá dùn, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn àlùfáà Búdà wọlé oṣù mẹ́ta òjò, tí wọn kì í fi ibùgbé wọn sílẹ̀, ilé ìsìn ló ti ń bọ̀. Ó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré, àpò tí ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú rẹ̀ sì ń gbá a lẹ́yìn.

"Wandi! Wandi o! Mo ti ríṣẹ́ fún ọ!"

Wandi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń hun sílíkì lábẹ́ ilé onígi rẹ̀ tó dúró lórí òpó gíga. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ò tíì tán."

"Ìjókòó niṣẹ́ náà."

"Ìjókòó kẹ̀? Kí wá ni mo ti ń ṣe láti òwúrọ̀?"

Ọdún kọkànlá rèé tí Sengduan ti jẹ́ olùyọ̀ǹda ìlera ní abúlé náà. Ilé mẹ́rìnlá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Òun ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, òun ló ń rán wọn létí oògùn. Ní àárọ̀ yẹn, àlùfáà àgbà ti sọ pé kí kálukú mú irú àṣàrò kan, kó sì dì í mú títí òjò yóò fi dá. Ẹnì kan bi í pé èwo ló dára jù nínú wọn. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ dán an wò, kí ẹ wá sọ fún mi." Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Sengduan ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Òun ní ẹ̀rọ, òun ní ìwé, òun ní àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Kí ló tún kù tí òun ò fi ní lè wọn èyí tó dára jù?

Ẹni mẹ́ta nínú wọn ló gbà fún un. Wandi gbà láti máa jókòó, kó máa ṣọ́ èémí rẹ̀ bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Ẹ̀gbọ́n Kampan, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn kó tó fẹ̀yìn tì, ní òun ti jókòó tó láyé òun. Ó mú àṣàrò ìrìn, ogún ìṣísẹ̀ ní àlọ, ogún ní àbọ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, lábẹ́ igi máńgòrò ilé ìsìn. Kongkeo mú ti ìfẹ́. Nínú ìyẹn, èèyàn á jókòó, á máa fẹ́ ire fún ara rẹ̀, fún àwọn tó fẹ́ràn, títí á fi dé orí ẹni tí kò fẹ́ rí sójú. Gbogbo abúlé ló mọ ẹni náà: Lamyai àbúrò rẹ̀ ni, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọn ò ti kí ara wọn, láti ìgbà tí wọ́n pín ilẹ̀ ìyá wọn.

"Ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀ o," ni Sengduan wí fún wọn. "Ẹni tó bá tìtorí àṣàrò pa oògùn tì, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni."

Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń wọ̀n wọ́n. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ̀jẹ̀ Kampan ti já láti orí méjìdínlọ́gọ́jọ sí ogóje. Sengduan fò sókè. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹsẹ̀ yín ń ṣiṣẹ́!"

"Orúnkún mi náà ò dùn mí mọ́," ni Kampan wí, àyà rẹ̀ yọ síwájú. "Mo sì ń sùn bí òkúta."

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná. "Ẹ bi í léèrè ìkòkò ẹja oníyọ̀ tí mo gbé pamọ́ láti oṣù tó kọjá nítorí iyọ̀ inú rẹ̀."

Ojú Kampan wálẹ̀. Wandi bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ rìn, Ẹ̀gbọ́n. Ìkòkò ló rìn!"

Inú bí Sengduan, ṣùgbọ́n ó kọ ọ̀rọ̀ ìkòkò náà sínú ìwé. Òótọ́ ni òótọ́ ń jẹ́.

Ti Wandi ló tún rú u lójú. Nọ́ńbà rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà. "Bóyá o kì í ṣe é dáadáa," ni Sengduan wí.

Wandi dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Gbọ́. O mọ ọmọ mi tó wà ní Bangkok. Tẹ́lẹ̀, tí kò bá ti pè, èrò á wá jókòó tì mí, kò ní lọ. Ní báyìí, á wá, á sì kọjá lọ bí ẹni tó gba iwájú ilé kọjá. Wo aṣọ yìí. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò tíì tú òwú kan ṣoṣo tún hun."

Sengduan tẹjú mọ́ aṣọ náà. Kò sí ojú ìlà tó máa kọ ìyẹn sí nínú ìwé rẹ̀. Ó bá fa ìlà tuntun níbẹ̀, ó kọ "Ọkàn" sí orí rẹ̀. Àṣé ohun kan ń tún ara ṣe, òmíràn ń tún inú ṣe, òun sì ti rò pé ẹyọ nọ́ńbà kan yóò sọ gbogbo rẹ̀!

Kongkeo ló kù. Ní tirẹ̀, nọ́ńbà ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń sunkún bó bá ti jókòó. Ó ní bí òun bá ti fẹ́ dárúkọ Lamyai, òun á dìde kúrò níjòókòó.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Sengduan kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sábẹ́ ilé Wandi. Kongkeo ló dé kẹ́yìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Sengduan de ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, ẹ̀rọ náà fẹ̀, ó dún, ó fi mọ́kànléláàádọ́sàn-án hàn.

"Yéè! Kongkeo, kí lo jẹ?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Ìkòkò ẹja!" ni Kampan ké.

"Ẹ dákẹ́ ná, Ẹ̀gbọ́n." Ẹ̀rín wà lẹ́nu Kongkeo. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Lamyai dé ni. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ṣí i, ó wò mí, ó ní, 'O ti sanra o.' Mo ní, 'Ìwọ náà ti dàgbà.' La bá jọ bú sẹ́kún."

Wandi ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni Sengduan dì mọ́ Kongkeo débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú, ó ń pariwo, "Ọdún mẹ́sàn-án! Ọdún mẹ́sàn-án o!"

Wọ́n fún Kongkeo lómi, wọ́n jẹ́ kó sinmi ìdajì wákàtí, wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Méjìdínláàádóje ni. Nọ́ńbà méjèèjì ni Sengduan kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Sengduan gbé ìwé náà lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín síbi ìkòkò ẹja. "Màmá, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ò tó láti fi sọ̀rọ̀. Ọgbọ̀n èèyàn ló yẹ, kí àwọn kan nínú wọn má sì ṣe àṣàrò rárá, ká lè fi wọ́n wé àwọn tó ń ṣe é."

"Ọgbọ̀n!" Sengduan ti dìde. "Ẹ sọ pé ọgbọ̀n?"

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti gba orúkọ èèyàn mọ́kàndínlógún. Ti Lamyai wà nínú wọn. Kampan sì ti ń gbálẹ̀ abẹ́ máńgòrò, ó ní òun lòun á jẹ́ ọ̀gá àwọn onírìn.