Àwo Kan, Ara Méjì

Àwo tánńganran kan, etí rẹ̀ búlúù, ni èmi àti ọkọ mi fi bẹ̀rẹ̀ ayé wa. Kì í ṣe ìfẹ́ ló kọ́kọ́ kó wa jọ sídìí rẹ̀. A ò ní òmíràn ni. Nígbà tí ọwọ́ wa tẹ àwo mìíràn, ọkọ mi ní kí n kó wọn pamọ́ fún àlejò.

Ó ní, "Ọjọ́ tí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dá jẹun, ọjọ́ náà ni ilé wa tú. Èmi ò ní bá ìyàwó mi jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láyé."

Bíríkìlà ni. Láti àárọ̀ ló ti ń gbé búlọ́ọ̀kù gun àkàbà. Ó ga, ó gbẹ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Èmi, aránṣọ ni mí. Ìdí mi ti mọ àga, ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń rìn, orí màṣíìnì ló sì ti ń rìn. Síbẹ̀, òkìtì ìrẹsì kan náà la jọ ń yí ká. Ó máa ń jẹun bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀, èmi náà a sì yára, torí ẹni tó bá rọra jẹ nídìí àwo kan, ìdí àwo ni yóò lá.

Lọ́jọ́ kan, mo tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí mo rí lára aṣọ oníbàárà ló sọ fún mi. Ojú egbò náà kọ̀, kò jiná.

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. "Mọ́mì, àtọ̀gbẹ ni. Bí ẹsẹ̀ yìí bá jẹrà, gígé ni. Kí lẹ máa ń jẹ?"

"Ohun tí ọkọ mi ń jẹ."

"Ṣé ẹ jọ ń gbé búlọ́ọ̀kù ni?"

Ó fún mi lóògùn, ó sì ní kí ẹ̀fọ́ pọ̀ jù lọ nínú àwo mi, kí ẹ̀wà àti ẹja tẹ̀lé e, kí ìrẹsì má ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. "Ẹ máa gbé ṣíbí sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bu òmíràn. Ikùn yín ni kẹ́ ẹ bi bóyá ó ti yó, ẹ má bi àwo. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run."

Nígbà tí mo gbé àwo kejì sílẹ̀ nílé, ọkọ mi wò ó.

"Àlejò wo ló dé?"

Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi tán, ó da ẹ̀fọ́ mi sínú àwo tánńganran. "Ká jọ máa jẹ ewé nìyẹn. Bí mo bá ké bí ewúrẹ́, o mọ ohun tó fà á."

Mo rẹ́rìn-ín. Egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ojú dé. Ṣùgbọ́n mo dín ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ kù, kò pẹ́ tó tún gbé e wá.

"Ẹ ń rù," ni mo wí.

"Aṣọ ló ń fẹ̀. Ìwọ aránṣọ ò mọ̀?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń po sìmẹ́ńtì sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ìyàwó wa, ẹ ká lọ! Òòyì kọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lókè àkàbà. Irin tó kọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ ni ò jẹ́ kó balẹ̀. Ṣé ẹ bá a jà ni? Ẹ̀fọ́ nìkan ló ń gbé wá síbi iṣẹ́!"

Mo bá a lórí yanrìn, ètè rẹ̀ funfun. Kó tó la ẹnu, mo ní, "Ẹ má sọ nǹkan kan."

Lálẹ́, mo bu ìrẹsì, ẹ̀wà àti ẹja kún àwo tánńganran fún un. Mo bu tèmi sínú àwo àlejò. Ó kọjú sí ògiri.

"Báyìí náà ni bàbá mi ṣe bẹ̀rẹ̀."

"Bàbá yín gbé oúnjẹ tiwọn wọ yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Èmi rèé. Ara méjì la ní. Ṣé kí n pàdánù ẹsẹ̀ ni, àbí kí n di opó?"

Mo fa àpótí ìjókòó mi títí orúnkún mi fi kan tirẹ̀. Mi ò gbé ṣíbí. Ìrẹsì ń tutù lọ. Nígbà tó yá, ó yíjú padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, kíákíá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó jẹ tán nígbà tí tèmi ṣì wà lẹ́nu. Ó dìde, ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá. Lẹ́yìn náà ló tún jókòó.

"Ṣé báyìí ni n ó ṣe máa dúró dè ọ́ lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Ó ń wo bí mo ṣe ń rún ẹ̀fọ́ lẹ́nu. Ojú rẹ̀ ò túraká, ṣùgbọ́n kò dìde mọ́.