Orúkọ Khàlíl Nínú Ìwé Inṣọ́ránsì

Láti ìgbà tí ojú ti ń yọ Alájì Àjàmú lẹ́nu, Bàṣírátù, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló ń bá a wa mọ́tò káàkiri Òkòtà. Àmọ́ orúkọ Khàlíl, ọmọ Alájì tó ti wà ní Kánádà láti ọdún mẹ́rin, ló ṣì wà nínú ìwé inṣọ́ránsì.

“Alájì, awakọ̀ kan péré ni ìwé yín gbà,” ni Kúnbi tó ń bá wọn ṣe inṣọ́ránsì wí. “Bí Bàṣírátù bá gbá nǹkan, a ò ní san kọ́bọ̀.”

“Khàlíl ń bọ̀ níléyá,” ni Alájì fèsì.

Bàṣírátù bú sẹ́rìn-ín. “Iléyá èwo? Mẹ́rin ti lọ!”

“Bó dé lónìí gan-an,” ni Kúnbi wí, “láísẹ́ńsì rẹ̀ ti kú. A ò lè kà á sí awakọ̀.”

Alájì yíjú sí Kúnbi. “Ṣé mo lè bá a sọ ọ́ dọ̀tun?”

“Rárá o, sà. Wọ́n máa ya fọ́tò, ó sì máa tẹ̀ka. Àfi kó wá fúnra rẹ̀.”

Ojú Alájì tàn.

“Kọ orúkọ Bàṣírátù,” ó wí, ó sì nawọ́ sí fóònù rẹ̀. “Jẹ́ kí n pe Khàlíl, kí n sọ fún un pé wọ́n ní àfi kó wá fúnra rẹ̀.”