Ilé Tí Kò Fẹ́ Wó

Ó ti pé ọdún méjì tí Mọ́rúfù káfíńtà kò ti bá Quadri sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ní Ìkàtẹ́. Bí wọ́n bá bá ara wọn ní sàfù kan náà ní mọ́ṣáláṣí, Mọ́rúfù á sún sẹ́yìn, á wá ibòmíràn kírun. Bí Quadri bá sálámà sí i, á dáhùn nínú ikùn rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kó ẹ̀ṣẹ̀, kò sì fẹ́ kí Quadri gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìmáámù ti pè wọ́n jókòó. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó kúrò ní pírámárì kẹrin nítorí pé tíṣà nà án fún ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn, tí kò sì gba iwájú ilé ìwé náà kọjá mọ́ títí dòní, ta ni yóò tètè rí ọkàn rẹ̀ yí padà?

Ilé kan ló dá ìjà náà sílẹ̀. Iṣẹ́ wáyà àti iná ni Quadri ń bá àwọn onífíìmù ṣe. Òun ló mú Mọ́rúfù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, lọ bá wọn pé wọ́n ń wá káfíńtà tí yóò kọ́ ilé onípákó kan sí etí òkun ní Ìbẹ̀jú, lẹ́yìn ọ̀nà tó lọ sí èbúté tuntun.

"Iwájú ilé nìkan ni wọ́n fẹ́ o," Quadri kìlọ̀ fún un. "Fi igi gbé e ró látẹ̀yìn, ó ti tán. Kámẹ́rà ò ní débẹ̀."

Mọ́rúfù kò kọ́ iwájú ilé rí láyé rẹ̀. Ilé tí kò ní ẹ̀yìn, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn? Ó kọ́ ọ délẹ̀délẹ̀: yàrá méjì, pálọ̀, àti ilé ìdáná. Ó fi òpó ìrókò mẹ́fà ró o. Ó gbẹ́ ihò sára igi kan, ó ki ẹnu igi kejì bọ̀ ọ́, bí ọ̀gá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ṣe kọ́ ọ, kò sì kan ìṣó síbi tí igi bá ti lè di igi mú. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ló fi ṣe é. Ní ọjọ́ tó gbé ìlẹ̀kùn kọ́ ọ, ó wọlé, ó jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, ó ń gbọ́ òkun láti ojú fèrèsé. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun kò tíì kọ́ èyí tó dára tó o rí.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fẹ́ sun ún. Ó ti wà nínú ìwé eré láti ìbẹ̀rẹ̀ pé wọn yóò sun ún, Quadri sì mọ̀. Quadri gan-an ni wọ́n gbé iṣẹ́ iná náà lé lọ́wọ́. Ó bò ó mọ́lẹ̀ fún Mọ́rúfù ni, títí Mọ́rúfù fi rí i tí wọ́n ń sọ̀ kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó béèrè, wọ́n sọ fún un. Ó kó ayùn àti òòlù rẹ̀ sínú àpò, ó rìn jáde sí títì, kò wẹ̀yìn.

Fíìmù náà ti wá jáde báyìí. Ràhmát, àkọ́bí Mọ́rúfù, ló máa ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ní ẹnu ọ̀nà síníma kan ní Lẹ́kkí Phase 1, ó sì ti ń bẹ bàbá rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan.

"Dádì, ẹ kàn wá wò ó."

"Kí n wá wo iná? Ṣé kò sí iná nílé wa ni?"

"Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ ilé yẹn, sà. Wọn ò sọ ti òṣèré, ilé yẹn ni wọ́n ń sọ."

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Ẹ wá fi etí ara yín gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un. Ní ọ̀sán Sátidé, ó wọ káfútáànì Iléyá rẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá dé ojú títì, ó sì bá ọmọ rẹ̀ níwájú síníma. Kò wọ síníma rí. Fíìmù tó mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n ń fi hàn ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, tí jẹnẹrétọ̀ ń bá a du ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí ìlẹ̀kùn díńgí fúnra rẹ̀ ṣí fún un, tí òtútù fẹ́ sí i lójú, ó rọra bọ́ fìlà rẹ̀, bí ẹni wọ ilé àgbà. Òórùn gúgúrú gba gbogbo ibẹ̀.

Ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin kan dúró níwájú rẹ̀ lórí ìlà.

"Èyí tí mo wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ẹ̀rín ni," èyí tó ga nínú wọn wí. "Mi ò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan."

"Ìwọ tó o sùn," ọmọbìnrin náà dá a lóhùn.

"Mo sùn torí kò pa mí lẹ́rìn-ín."

"Kí ni wọ́n tún ń ṣe jùyẹn lọ? Ọkọ kan, ọmọge méjì, ilé ńlá kan ní Lẹ́kkí, wọ́n á máa pariwo mọ́ra wọn lórí àga funfun. Ti òyìnbó tó wà ní yàrá kejì ńkọ́?"

"Wọ́n ń fò, wọ́n ń jà. Ó ti sú mi. Eléyìí ni mo fẹ́, wọ́n ní ó falẹ̀ díẹ̀, àfi ibi iná yẹn."

"Iná kọ̀mpútà," ẹni kẹta wí, ó ń da gúgúrú sẹ́nu. "Ilé yẹn ò sí níbì kankan."

Mọ́rúfù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ràhmát fà á lápá káfútáànì, ó mú un wọlé.

Òkùnkùn ṣú. Lójijì ògiri tó wà níwájú wọn di òkun. Mọ́rúfù gbé ẹsẹ̀ sókè kí omi má baà kàn án, ó sì yára gbé e sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ìró omi náà ń gba abẹ́ àga wá sí i nínú egungun. Lẹ́yìn náà, ilé rẹ̀ yọ. Ìtẹ́rígbà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ gùn ju ọkọ̀ ojú omi lọ. Ó rí ibi tí ìjá tó fi ń gbẹ́ ihò ti yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lára òpó ẹnu ọ̀nà, àpá kékeré tó rò pé òun nìkan ló mọ̀, ó ga ju èèyàn lọ báyìí. Ó lajú sílẹ̀ bí ọmọdé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì rí i báyìí rí.

Ìtàn opó kan ni, tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní kó kúrò nílé, tó kọ̀. Níkẹyìn wọ́n finá sí ilé náà. Nígbà tí ahọ́n iná àkọ́kọ́ lá ògiri, Mọ́rúfù fẹ́ dìde. Ó di ọwọ́ àga mú. Iná gun fèrèsé, ó jẹ òrùlé, pákó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń retí kí gbogbo rẹ̀ dà wó. Kò wó. Ògiri tán, òrùlé tán, òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró sínú iná pẹ̀lú igi orí wọn, igi kan di èkejì mú, wọ́n pọ́n rokoṣo, òkun sì ń hó lẹ́yìn wọn. Opó náà dúró lórí iyanrìn, ó ń wò ó. Kò sí orin. Kò sí ọ̀rọ̀. Ìró igi tó ń ta nìkan ló kù. Ó pẹ́, ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ kí nǹkan pẹ́ nínú fíìmù lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jẹ gúgúrú mọ́.

"Kò fẹ́ wó," obìnrin kan wí jẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Subuhánálláhì," Mọ́rúfù wí, kò sì mọ̀ pé òun ti sọ ọ́ síta.

Wọ́n jáde, Mọ́rúfù kò sì tíì fẹ́ lọ sílé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta gúgúrú. Àwọn mẹ́ta ọ̀ún dúró nítòsí.

"Àárín rẹ̀ gùn jù," èyí tó ga wí, "àbúrò ọkọ yẹn ò sì mọ eré ṣe. Àmọ́ ilé yẹn, há."

"Mo ní kọ̀mpútà ni," ẹni kẹta wí.

"Kì í ṣe kọ̀mpútà," Mọ́rúfù wí.

Ọmọkùnrin náà yíjú sí i. "Bàbá, ẹ má bínú. Ta ló máa kọ́ odidi ilé, kó tún wá sun ún?"

"Òun ló kọ́ ọ," ohùn kan dáhùn lẹ́yìn wọn. "Èmi ni mo sun ún."

Quadri ni. Ìlà ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí. Mọ́rúfù wo Ràhmát, Ràhmát sì ń wo ilẹ̀.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n kọ sínú ìwé," Quadri ń bá a lọ, Mọ́rúfù ló dojú kọ. "Ilé á wó, opó á ké, ó tán. Ilé ò wó. Mo rò pé mo ti ba iṣẹ́ jẹ́. Olùdarí eré ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí kámẹ́rà máa lọ. Òṣèré yẹn gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ó kàn ń wò. Bó o bá gbọ́ tèmi, tó o kọ́ iwájú nìkan, kò sẹ́ni tó máa rántí fíìmù yẹn."

Mọ́rúfù gbójú sókè sí i. "Ó yẹ kó o ti sọ fún mi."

"O ò bá tí kọ́ ọ."

"Mi ò bá tí kọ́ ọ. Ó ṣì yẹ kó o sọ fún mi."

"Ó yẹ kí n sọ fún ẹ," Quadri wí.

Mọ́rúfù ń retí kí Quadri fi nǹkan kún un. Níwájú ìmáámù, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, "ṣùgbọ́n" ló máa ń tẹ̀lé e. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí nǹkan kan tó tẹ̀lé e. Quadri kàn dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀.

"Òpó wo ló kọ́kọ́ ṣubú?" Mọ́rúfù béèrè.

"Wọn ò fi ìyẹn hàn."

"Mo lójú. Ìwọ ni mò ń bi."

"Ti ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná."

"Irọ́ ni. Ìyẹn ló le jù nínú wọn."

"Ta ló wà níbẹ̀ nínú èmi àti ìwọ, olórí kunkun?"

Mọ́rúfù sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àyè tó ṣẹ́ kù.

"Jókòó," ó wí. "Bẹ̀rẹ̀ látìgbà tó o ṣáná. Má fo nǹkan kan."