Ọwọ́ Ìbídàpọ̀ Nídìí Wáyà

Lásìkò Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, nígbà tí àwọn tíṣà Oǹdó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ nítorí pé owó oṣù kò dé, ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Jethro, rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Yábà, nílùú Oǹdó. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ nawọ́ mú ife omi, ọwọ́ ọ̀tún kò dá a lóhùn. Ọpẹ́ ni pé ẹnu rẹ̀ kò wọ́, làákàyè rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n kí ni rewáyà fẹ́ fi ẹnu ṣe? Ọwọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Télọ̀ ni Ìbídàpọ̀ ìyàwó rẹ̀. Àmọ́ ta ló ń dá aṣọ tuntun nígbà náà? Aṣọ bàbá ni wọ́n ń gé kéré fún ọmọ. Nígbà tó di pé gààrí gan-an ń di ohun tí wọ́n ń fọgbọ́n jẹ, ó wá jókòó ti ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Kíkẹ́, ẹ kọ́ mi níṣẹ́ yín.”

Jethro rò pé àwàdà ni. “Iṣẹ́ wo?”

“Iṣẹ́ iná ọkọ̀. Ẹ̀yin á máa sọ, èmi á máa ṣe. Ojú yín ṣì ń ríran, ọwọ́ tèmi náà ò sì ṣàìsàn.”

Jethro kọ̀. Kì í ṣe pé ó fojú kéré obìnrin o. Ohun tó ń dùn ún ni pé òun ló mú un láti ilé bàbá rẹ̀ ní Ìgbàrà-Òkè, tó ṣèlérí pé kò ní jìyà. Ṣé ó wá kù kó máa nà gbalaja sábẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ nítorí òun? Ìbídàpọ̀ kò bá a jiyàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ ògbólógbòó ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ kan, ó so gèlè mọ́rí pinpin, ó gbé àpótí irinṣẹ́, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Jethro kò rí ọgbọ́n míì dá, ó wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ó yára mọ iṣẹ́ náà ju bí Jethro ti rò lọ. Ẹni tó ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láti kékeré, kí ni bíbó ẹ̀yìn wáyà fẹ́ fi ṣe é? Èyí tó bá so kì í tú. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ò mú ọkọ̀ wá. Wọ́n á dúró lókèèrè, wọ́n á kí Jethro pé ẹ kú ìnira, wọ́n á sì wa ọkọ̀ wọn gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Ìdààmú ló gbé awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Akínbọ̀wálé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Píjò rẹ̀ ló fi ń kó èrò láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́, àmọ́ iná ẹ̀yìn rẹ̀ kò yéé kú. Àwọn rewáyà Àkúrẹ́ ti pààrọ̀ gílóòbù, wọ́n ti pààrọ̀ súìṣì, síbẹ̀ fíùsì ń jó. Nítòsí Bọ́lọ́rundúró, nínú òjò, ọkọ̀ agbégẹdú kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí iná bíréèkì rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó gun òun àti èrò rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ọ̀gá, bí ẹ ò bá rí i ṣe, màá gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀ ni,” ó wí. “Mi ò lè fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ṣeré.”

Jethro ní kí Ìbídàpọ̀ mú gílóòbù kékeré tí wọ́n so wáyà mọ́ nídìí, èyí tí wọ́n fi ń wá ibi tí iná dé. Ìbídàpọ̀ fi kan fíùsì, ó tàn. Ó fi kan ìdí iná ẹ̀yìn, ó tàn. Akínbọ̀wálé tẹ bíréèkì, ó pọ́n yòò. Wọ́n tún un wò, kò sí àléébù.

“Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn,” Akínbọ̀wálé kígbe. “Tó bá ti rí rewáyà, á tàn. Tí mo bá kó èrò gbéra, á kú!”

Jethro rò ó síwá sẹ́yìn, ọgbọ́n tán nínú rẹ̀. Ó ti fẹ́ ní kí ọkùnrin náà máa lọ nígbà tí Ìbídàpọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

“Akínbọ̀wálé, tó bá jẹ́ ìwọ nìkan ló wà nínú ọkọ̀ ńkọ́?”

Ó ronú díẹ̀. “Kì í kú, Màmá. Tí mo bá ń bọ̀ lófìfo, kì í kú.”

“Aṣọ míì wà tó jẹ́ pé tí èèyàn bá dúró, ó bá a mu. Ó dìgbà tó bá jókòó kó tó ya,” Ìbídàpọ̀ wí. “Ẹ jẹ́ ká kó èèyàn sínú ọkọ̀ yìí.”

Ni wọ́n bá pe Fọlákẹ́ tó ń sun bọ̀ọ̀lì lódìkejì títì, obìnrin tó lára dáadáa. Fọganáísà tó ń lẹ táyà ládùúgbò àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ọkọ̀ wọlẹ̀. Akínbọ̀wálé tẹ bíréèkì: iná tàn, ó ṣẹ́jú, ó kú. Òórùn rọ́bà tó ń jó gba inú ọkọ̀.

“Ẹ̀yin èèyàn, ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ sun mí bíi bọ̀ọ̀lì?” Fọlákẹ́ fò sílẹ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn.

Ìbídàpọ̀ ṣí àga ẹ̀yìn kúrò. Wáyà iná ẹ̀yìn rèé lábẹ́ irin àga. Irin ti rin ín títí ara rẹ̀ fi bó. Bí èrò bá ti jókòó, àga á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀, á bíríìjì, iná á gba ibi tí kò yẹ, fíùsì á jó. Bí wọ́n bá dìde, gbogbo rẹ̀ á dà bíi pé kò sí nǹkan kan.

“Má fi téèpù wé e lásán,” Jethro wí. “Gé ibi tó bó, so tuntun mọ́ ọn, kí o ki í bọ inú rọ́bà, kí o wá gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.”

Ó ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì fi fíùsì tuntun sí i. Wọ́n dá èrò padà sínú ọkọ̀. Fọlákẹ́ ń fò sókè sódò lórí àga, iná kò ṣẹ́jú. Akínbọ̀wálé dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún tọkọtaya náà lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti rin.

Òun ló tan ìròyìn náà ká gáréèjì Oǹdó àti ti Àkúrẹ́. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi ń tò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó tún gbọ́ pé dókítà kan ní Àkúrẹ́ fẹ́ máa bá Jethro na apá rẹ̀, ó ní iwájú ọkọ̀ òun ti di tiwọn, kí wọ́n má dárúkọ owó.

Bí wọ́n ṣe ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Jethro yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Ìyá Kíkẹ́, o ṣeun. Mo rò pé ìyà ni mo fi ń jẹ ọ́.”

“Ìyà kẹ̀? Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Bí ara yín bá tiẹ̀ yá tán, mi ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́ o.”

Jethro bú sẹ́rìn-ín, Akínbọ̀wálé, tí ariwo ọkọ̀ kò jẹ́ kó gbọ́ wọn, sì béèrè ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

“Ó ní òun ti gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi.”

“Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, ọ̀gá,” Akínbọ̀wálé dáhùn. “Àwa awakọ̀ náà ti ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù Màmá.”

Jethro ní kò burú. Títí wọ́n fi wọ Oǹdó, inú rẹ̀ ń dùn, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni ń kọ orin.