Ẹ̀rù Tó Ń Bá Ṣàmsúdéènì Wọlé

Láti ọjọ́ tí Ṣàmsúdéènì ti gba láísẹ́ǹsì tírélà ni oúnjẹ àárọ̀ ti kọ̀ ọ́. Á gbé ògì sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, á sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni kó sọ? Ta ló máa fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ohun tí òun ti ń tọrọ láti kékeré ló dọ́wọ́ òun tán tó wá ń ba òun lẹ́rù?

Lóòótọ́ ló ti ń tọrọ rẹ̀. Ẹ̀bá títì ni ilé wọn wà ní Ọ̀yọ́. Bí àwọn ọkọ̀ agbégi bá ń kọjá, ilẹ̀ á máa mì, ife á máa jó lórí tábìlì, inú Ṣàmsúdéènì á sì máa dùn. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Beltsville ló ti ríṣẹ́, níbi tó ti ń to páálí láti àárọ̀ dalẹ́. Bí tírélà bá ti ń fẹ̀yìn wọlé wá gbẹ́rù, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára awakọ̀. Bó ṣe lọ kọ́ ọ nìyẹn, ó sì yege. Ọ̀gá wọn ní kó kọ́kọ́ máa wakọ̀ kí Alhaji Abdulwahab máa jókòó tì í, kí Ṣàmsúdéènì tó wá sọ bóyá òun á gba ọkọ̀ tòun, èyí tí yóò máa gbé e lọ sáwọn ìpínlẹ̀ tó jìnnà. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n ń retí èsì.

Ọmọ Ìbàdàn ni Alhaji Abdulwahab, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, mọ́sálásí kan náà ni wọ́n jọ ń kírun. Ó ti wa tírélà pẹ́ débi pé ó lè máa jẹ dòdò kó máa fẹ̀yìn ọkọ̀ wọ ibi tóóró.

"O mọ ọkọ̀ wà, Ṣàmsú," ló máa ń wí. "Ọwọ́ rẹ rọ̀ lórí sítíárìn. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní kí wọ́n fún ẹ."

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó múnú rẹ̀ dùn ló ń já a láyà. Ohun tí Alhaji ò mọ̀ ni pé, bí Ṣàmsúdéènì bá wo dígí, tó rí ọkọ̀ kékeré tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn táyà ńlá ẹ̀yìn, kì í ṣe ọkọ̀ ló ń rí. Èèyàn ló ń rí nínú rẹ̀: ìyá tó ń gbọ́mọ lọ síléèwé, arúgbó tó ń lọ ra burẹ́dì. Á máa rò ó pé bí òun bá sín lásán, wọ́n ti kú.

Ìyàwó rẹ̀, Mọ̀ríámọ̀, fura. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ òru ló ń ṣe.

"Bàbá Alimat, ẹ ò tún jẹun."

"Ebi ò pa mí ni."

"Àbí ẹ̀rù ń bà yín?"

"Ẹ̀rù kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà gbẹ, àwọn méjèèjì ló sì mọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, òjò rọ̀ níbẹ̀rẹ̀ àárọ̀, otútù sì mú un dì sórí títì. Wọ́n ti da iyọ̀ sí i kó lè yọ́, kí Ṣàmsúdéènì àti Alhaji tó gbéra, tìmátì alágolo kún ọkọ̀ wọn. Títì dúdú, ó ń dán. Ní ọ̀nà márosẹ̀ Beltway, ọwọ́ ọ̀tún pátápátá ni Ṣàmsúdéènì dì mú, ó ń rọra lọ. Alhaji ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ gbéyàwó. Ṣàmsúdéènì ń dáhùn, àmọ́ kò gbọ́ ọ̀kan.

Nínú dígí òsì ló ti rí i. Ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ búlúù kan ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì ń sún mọ́ wọn. Kò tan iná pé òun fẹ́ yà. Ṣe ló ń rìn gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bọ̀, bí ewé tí omi ń gbé lọ, ó kọrí sí abẹ́ tírélà.

Ṣàmsúdéènì fọn fèrè. Ọkọ̀ náà ò yà. Ó tún fọn ọ́n, kò gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀ mọ́. Ó yí sítíárìn sí etí títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sórí búréèkì kó tó mọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀yìn tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Ó mọ̀ ọ́n lára ní ìdí, bí ìgbà tí ẹnì kan gbá àga mú tó fẹ́ dà á nù.

"Gbẹ́sẹ̀ kúrò!" Alhaji pariwo. "Ṣàmsú, má tẹ̀ ẹ́!"

Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò. Tírélà fì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá tọ́. Wọ́n yọ̀ lọ létí títì títí ọkọ̀ fi dúró. Ṣàmsúdéènì wo dígí.

Kò rí ọkọ̀ búlúù náà mọ́.

Kò mọ bó ṣe sọ̀kalẹ̀. Abẹ́ tírélà ló kọ́kọ́ sáré lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àárín táyà kan sí òmíràn, ọwọ́ rẹ̀ bo ẹnu, ó ń retí irin tó ká jọ, ó ń retí ẹ̀jẹ̀. "Yéè! Ọlọ́hun, má jẹ̀ẹ́!" Ó ń ké e láìmọ̀ pé òun ń ké.

"Ẹ̀yìn ni!" Alhaji nawọ́. "Wò ó lẹ́yìn lọ́hùn-ún!"

Ọkọ̀ kékeré náà ti yí po, imú rẹ̀ ti gbá irin etí títì. Ṣàmsúdéènì sáré, ó ṣì ń ké, ó yọ̀ ṣubú, ó dìde, ó fa ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin kan ló jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, ó di sítíárìn mú bí ẹni tó ń rì sómi.

"Ẹ má bínú, sà," ni obìnrin náà wí ní Yorùbá, torí ó ti gbọ́ igbe rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ṣé ẹ ò ṣèṣe?"

"Mi ò mọ ìgbà tí mo sùn lọ. Mo gbọ́ fèrè yín o, mo rò pé aláìsàn kan ló ń tẹ aago pè mí. Mo tún ní, mò ń bọ̀." Ó bú sẹ́kún.

Yétúndé lorúkọ rẹ̀. Ilé rẹ̀ ní Glenn Dale ló ń lọ, lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Àyà rẹ̀ ló ń dùn ún níbi tí bẹ́líìtì ti fà á, kò sí nǹkan mìíràn. Ọlọ́pàá dé, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n ní kí tírélà máa lọ.

Ṣùgbọ́n Ṣàmsúdéènì ò lè gun ọkọ̀. Ó gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn, ó tún gbé e kúrò. Alhaji bá a tì í láti ẹ̀yìn, ó gbé e wọ àga kejì, ó sì gba ibi awakọ̀.

"O gba ẹ̀mí là lónìí," Alhaji wí nígbà tí wọ́n ti rìn díẹ̀. "Ẹlòmíràn á ti tẹ̀ ẹ́ pa."

"Alhaji, ẹ̀rù kì í bà yín ni?"

"Ó ń bà mí. Àmọ́ bí mo bá ti sọ ẹrù ọkọ̀ kalẹ̀, inú ọkọ̀ ni mo máa ń fi ẹ̀rù náà sí. Tìẹ ńkọ́?"

"Tèmi máa ń bá mi wọlé, sà. Ó ń bá mi jókòó sídìí oúnjẹ. Ó ń bá mi dùbúlẹ̀."

Alhaji yí rédíò sókè díẹ̀.

Nígbà tó délé, Mọ̀ríámọ̀ ti jí. Ṣàmsúdéènì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ó rò pé á ní, mo sọ fún yín. Kàkà bẹ́ẹ̀, Mọ̀ríámọ̀ gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Èmi náà ti sùn lọ nídìí sítíárìn rí, Bàbá Alimat. Mo lajú, mo rí i pé mo ti kọjá ojúlé wa. Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Mi ò fẹ́ dáyà já yín ni mi ò ṣe sọ."

Gbogbo ìgbà tí Ṣàmsúdéènì fi ń wojú èèyàn nínú dígí, kò rí ti Mọ̀ríámọ̀ níbẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Ajé, ó sọ fún ọ̀gá pé òun ò gba ọkọ̀. Ọ̀gá rò pé ó ń ṣàwàdà. Alhaji bínú, ó sì tó ọjọ́ mélòó kan kó tó dáhùn sálámà rẹ̀ dáadáa. Wọ́n wá fi í síbi tí yóò ti máa tún tírélà tò nínú ọgbà, níbi tí kò ti sí ọkọ̀ kékeré kankan tó ń kọjá. Ó ń ṣe é dáadáa. Ó ń jẹ ògì rẹ̀ tán. Nígbà míì tí àwọn ọkọ̀ bá ń jáde lọ sọ́nà jíjìn, á dúró wò wọ́n, ojú á tì í díẹ̀.

Ọ̀sán ló ní kí wọ́n jẹ́ kóun máa wọṣẹ́, kó lè máa fi ọkọ̀ wọn lọ gbé Mọ̀ríámọ̀ níbi iṣẹ́ láàárọ̀. Kí wọ́n tó kọjá àwọn ṣọ́ọ̀bù Riverdale ni ìyẹn ti máa ń sùn, ẹnu ṣí sílẹ̀, bàtà funfun rẹ̀ lábẹ́ àga. Bí tírélà bá sáré dé ẹ̀gbẹ́ wọn, tí òjìji rẹ̀ bo inú ọkọ̀, Ṣàmsúdéènì á fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú, kò ní mí títí táyà ìkẹyìn á fi kọjá.