Ẹni Tó Ń Dáhùn fún Waheedat

Kò sí ohun tí Àwáwù kórìíra tó kí ẹnikẹ́ni pe ọmọ rẹ̀ ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Adití ni Waheedat láti kékeré, ṣùgbọ́n ní Ṣakí, ta ló fẹ́ dúró gbọ́ àlàyé? Bí o bá kí onídìrí pé "Ojú gbooro o," tí kò sọ pé "Òòyà á yà," wàá ní ilé tó ti wá kò dáa.

Nítorí náà, nígbà tí ilé ìwé girama wọn ní kí Waheedat máa lọ kọ́ irun dídì lọ́dọ̀ Ìyá Samsudeen ní gbogbo ọjọ́ Alàmísì, Àwáwù pa èlùbọ́ tó ń tà tì, ó tẹ̀ lé e. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí. Bí oníbàárà bá kí wọn, òun ló ń dáhùn. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣùkú, òun ni wọ́n ń sọ fún, òun á sì fọwọ́ sọ ọ́ fún ọmọ. Ó gbà pé ohun tó yẹ abiyamọ lòun ń ṣe.

Nígbà tí táàmù ń parí lọ, Tíṣà Olúwaṣọlá, tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ abirùn, wá bèèrè bóyá Ìyá Samsudeen á gba ọmọ náà títí tí yóò fi kọ́ṣẹ́ tán, tí yóò sì gba fírídọ́ọ̀mù. Àwọn ṣọ́ọ̀bù yòókù ti kọ̀. Bí èyí náà bá kọ̀, ó parí nìyẹn.

Ìyá Samsudeen ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Mi ò mọ ọmọ yìí. Ìyá rẹ̀ ni mo mọ̀, òun náà kò sì mọ irun í dì."

Ọ̀rọ̀ náà dun Àwáwù wọ eegun. Ó fẹ́ fèsì, àmọ́ ó rí Waheedat tó ń wo ẹnu wọn kiri, tí ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan. Ojú ti Àwáwù. Ó dìde, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Kò pẹ́ tí Àlàájà Fàtímọ̀, oníbàárà kan tí kò mọ ọmọ náà, fi dé. "Ojú gbooro o!"

Waheedat ń gbálẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i. Ìyá Samsudeen mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́, ó sì ṣẹ́jú sí Tíṣà pé kí ó dákẹ́.

"Ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́ rèé o!"

Àwáwù fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Àlàájà fi ìbínú gbá ọmọ náà léjìká. Waheedat yíjú, ó rí i, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, ó sì fọwọ́ kan etí rẹ̀. Àlàájà wò yíká, ó ń wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ìyá Samsudeen àti Tíṣà ti kọ ojú sí ibòmíràn. Nígbà tó yá, ó ṣí gèlè, ó fi ìka ya ọ̀nà sí orí ara rẹ̀. Waheedat wò ó, ó mi orí, ó fi ìka tirẹ̀ ya òmíràn tó dára jù fún irun tó ti ń já níwájú. Àlàájà rẹ́rìn-ín, ó jókòó.

Ìyá Samsudeen sọ fún Tíṣà pé, "Kó máa bọ̀."

Ibi tí Waheedat ti ń ya irun ló ti rí ìyá rẹ̀ lójú fèrèsé. Ó fọwọ́ kan sọ fún un pé, "Màámi, ẹ máa lọ sílé."

Àwáwù lọ. Inú rẹ̀ dùn, ó sì sunkún títí dé ìdí igbá èlùbọ́ rẹ̀.